Ibì Kan Ni Kó Ti Kanlẹ̀

Ní Oulu, àlejò ni oòrùn oṣù Kejìlá:
ó yọjú lágogo mẹ́wàá, ó ti di ẹrù rẹ̀ lágogo méjì.
Inú òkùnkùn yẹn la ti ń ṣe ọsibítù tuntun,
èmi Niilo, ọmọ iṣẹ́ ọdún kan àti oṣù méjì,
àti Rauni Kinnunen, ọ̀gá mi, tí irun rẹ̀ ti funfun,
tí kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń jẹun.

Èmi ni mo fa okùn àjà kejì.
Mo fà á gún régé, ó wu ojú:
okùn iná ńlá tó lọ sí ẹ̀rọ agbéniròkè,
okùn tín-ín-rín tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu sẹ́nsọ̀ yàrá ọmọ tuntun,
mo tẹ́ gbogbo wọn sójú àwo irin kan,
mo fi ọ̀já ike dì wọ́n bí ìdì igi.
Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Kemi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a tan ẹ̀rọ wò.
Ooru yàrá ọmọ tuntun: mọ́kànlélógún. Ó dáa.
Ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ agbéniròkè gbéra,
yàrá kan náà di mọ́kànlélọ́gbọ̀n!
Ihò afẹ́fẹ́ ṣí gbàgà,
òtútù ìta ya wọlé bí olówó èlé.
Ẹ̀rọ dúró. Mọ́kànlélógún padà,
bí ẹni pé kò sẹ́ni tó purọ́.

Kò tíì sí ọmọ níbẹ̀.
Ibùsùn kéékèèké mẹ́rìnlá, ọ̀rá ṣì wà lára wọn.

Mo ní kọ́mpútà ló ya wèrè.
Rauni ní, "Ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbọ́."
Ó mú rédíò kékeré tó fi ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́,
ó yí i síbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ̀rọ̀,
ó gbé e sún mọ́ ìdì okùn mi, ó ní kí wọ́n tún tẹ bọ́tìnnì.
Rédíò han,
gììììììrì,
bí oyin tí wọ́n há mọ́nú agolo.
"O gbọ́ ọ báyìí?
Láti àárọ̀ ni okùn kékeré yẹn ti ń gbọ́ ọ."

A tú u. Wákàtí mẹ́fà gbáko.
Mo ń gé ọ̀já ike, ó ń já bọ́ sílẹ̀ tó, tó, tó,
òun ń sọ̀rọ̀, nítorí kì í ṣe àsìkò oúnjẹ:
"Aláriwo àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́
kì í sùn lórí ẹní kan.
Bí wọ́n bá gbọdọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn,
kí wọ́n kíra, kí kálukú máa lọ.
Wáyà méjì inú okùn, jẹ́ kí wọ́n lọ́ mọ́ra dẹ́nu ọ̀nà,
ibi tí o bá ti tú wọn ni àrùn ń gbà wọlé.
Aṣọ fàdákà tó bò wọ́n,
ibì kan ni kó ti kanlẹ̀."

Èmi ti so ó mọ́lẹ̀ lórí, mo so ó mọ́lẹ̀ nídìí.
Mo rò pé èèyàn ò lè kanlẹ̀ jù.
Ó gé orí kan, ó fi ike dúdú wé e bí ìka tó gbọgbẹ́.
"Ilẹ̀ ibí àti ilẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọgba.
Bí aṣọ bá di àwọn méjèèjì mú,
ìyàtọ̀ wọn ni yóò máa rìn nínú aṣọ."

Wọ́n ní ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ;
ẹni tó mulẹ̀ níbi méjì ńkọ́?

Ẹ̀rọ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, nígbà mọ́kànlá.
Mọ́kànlélógún. Mọ́kànlélógún.
Rauni jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó ṣí búrẹ́dì rẹ̀,
ó sì dákẹ́.

Ìyá mi ṣì ń fi fọ́tò yẹn han àwọn aládùúgbò.
N kò tíì sọ fún un.